Bí Lámilámi Bá Wá Dáfá



Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ìbàdàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ awo mi gbé ẹbọ oníbàárà kan lọ sétí odò kékeré kan ní Bódìjà, ọ̀kan lára àwọn omi tó ń ṣàn lọ bá Ògùnpa. A gbé e kalẹ̀ tán, a ò tètè lọ. Lámilámi ló dá wa dúró.

Ẹ mọ lámilámi tí à ń lé kiri lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n èyí tínínrín ni, bí abẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ rí bí aró. Lámilámi ńlá a máa na ìyẹ́ sílẹ̀ bó bá bà; èyí ń pa tirẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn. Abo ń ki ìrù bọ omi, ó ń yé ẹyin sára koríko. Inú omi yẹn lọmọ rẹ̀ yóò gbé, tí yóò máa jẹ tanwíji, títí yóò fi jáde tí yóò di abìyẹ́. Ẹ̀gà ń pariwo lókè, lékeléke méjì dúró nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí a rìn bí ogún ìṣísẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá dúdú àti ike ló kúnlẹ̀. Kò sí lámilámi kankan níbẹ̀. Ọ̀rá kan há sí gbòǹgbò igi, òwú funfun àti pupa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo so ó. Ẹbọ oṣù tó kọjá ni.

Ọmọ awo mi ní, "Bàbá, nínú ẹsẹ Ifá, ẹyẹ ń dáfá, ẹja ń dáfá. Bí lámilámi bá wá bá yín dáfá lónìí, kí lẹ máa ní kó rú?"

Mo dákẹ́. A sábà máa ń sọ pé àpẹẹrẹ ènìyàn ni ẹyẹ inú ẹsẹ. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe àpẹẹrẹ lásán ńkọ́? Oníbàárà kan rúbọ kí ara lè tù ú, mo sì fi ẹbọ náà ba ilé oníbàárà mìíràn jẹ́. Irú awo wo nìyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà jẹ́ awo ní mò ń ṣàṣejù: ìdọ̀tí ilé àti ọjà ló pọ̀, ti ẹbọ ò tó nǹkan, omi á sì gbé e lọ. Òótọ́ ni pé tiwa kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, tàbí 26 Oṣù Kẹjọ 2011, mọ ibi tí omi ń gbé e lọ. Odò kún, ju 100 ènìyàn lọ ló kú nígbà kọ̀ọ̀kan. Òjò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà níbẹ̀.

Oúnjẹ sì ni ẹbọ. Igún, ẹja, èèrà, wọ́n ń jẹ ẹ́, inú wa ń dùn pé ó dà. Ta ló ń jẹ ọ̀rá? Ní igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, èèwọ̀ ni ọdẹ àti ẹja pípa, torí ti Ọ̀ṣun ni wọ́n. Ṣé nítorí pé ti Bódìjà ò ní ọgbà la fi sọ ọ́ di ààtàn?

Ohun kan ń dà mí láàmú: oníbàárà oṣù tó kọjá ní nǹkan ti ń dẹrùn fóun. Mi ò mọ ohun tí màá fi ìyẹn ṣe.

A kó ọ̀rá tọ́wọ́ wa ká. Mo ra ewé eéran lọ́jà Bódìjà; ó wọ́n ju ọ̀rá lọ, ó sì ń tètè ya. Ìyá kan wo ẹbọ rẹ̀ nínú ewé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé eléyìí wọ mọ́tò?" Mo gbé e sínú igbá mi fún un, mo ní kó dá a padà.

Igbá ò tíì dé o.