ỌGBỌ́N ÀGBÀ KÌ Í SÁRÉ

Làákàyè àwọn arúgbó wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ ka Ìwé Ọba Kìíní, orí 12. Rehoboamu kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà, ó gba ti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́wàá sì bọ́ lọ́wọ́ ilé Dáfídì. Ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Bàbá kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko tán, wọ́n á ní, "Ẹ dákẹ́, Bàbá, ẹ ti gbàgbé."

Ẹ gbọ́ o! Àwọn tó ń wádìí ọpọlọ rí i pé ìyára ìrònú ló máa ń dínkù lára àgbà, pẹ̀lú yíyanjú ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó ti kó jọ a máa pẹ́ lára rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ àwọn tó ti pé ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀nà ìrònú, ní ìjókòó bíi 10. Èsì tó jáde ní 2014 fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọdún 10. Ọ̀bẹ tí a ń lò kì í dípẹtà. Ẹ máa bi àgbà ní ìmọ̀ràn, kí ẹ sì ní sùúrù dúró gbọ́ èsì.

Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń ṣìnà ilé ara rẹ̀, tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, ìyẹn kì í ṣe ogbó lásán. Àìsàn ọpọlọ ni. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ láàárín àwọn arúgbó Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn èèyàn dúdú ìlú Indianapolis. Ní 2001, wọ́n kéde pé iye àwọn tó ń kó àìsàn náà lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní àjẹ́. Bó bá ń sọ kántankàntan lóru, kì í ṣe pé ó ń jẹ́wọ́. Ẹ̀yin aríran, ẹ ṣọ́ ẹnu yín! Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe fi ààwẹ̀ pa á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Papanè tàbí Parakou, kí a sì máa gbàdúrà. Àdúrà àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà.

Kí Olúwa jẹ́ kí a gbó, kí a tọ́, kí a sì rí ẹni gbọ́ tiwa. Àmín.