Ohùn Ta Ni À Ń Gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjà. Ìjà ọ̀hún kì í ṣe ti owó, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀. Orí Messiah tí Handel kọ ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàbà. Ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù fún wa mú fóònù rẹ̀ wá síbi ìdánrawò, ó ní ká gbọ́ bí Christopher Hogwood àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe kọ ọ́ nínú àwo tó jáde ní 1980. Ohun èlò irú ti ayé Handel ni wọ́n lò: fáólìn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe okùn rẹ̀, fèrè onígi, àti dùùrù tí wọ́n ń pè ní harpsichord. Láyé ọjọ́un, ìyẹ́ ẹyẹ ló ń ta okùn harpsichord nínú, kì í ṣe òòlù bíi ti piano. Ohùn gbogbo rẹ̀ sì relẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí à ń lò lónìí lọ.

Bàbá tó ń darí akọrin wa gbọ́ ọ títí, ó mirí. "Kí lèyí? Messiah tí èmi mọ̀ kì í rù báyìí." Ẹ̀rín pa wá. Ká sọ òótọ́, bó ṣe rí létí tèmi náà nìyẹn.

Ọmọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, bí Handel ṣe fẹ́ ẹ nìyí. Bẹ́ẹ bá fẹ́ kó dáa, ẹ jẹ́ ká dín akọrin kù sí 20." Bẹ́ẹ̀, a lé ní 40. Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn wo ara wọn lójú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà.

Messiah tí Bàbá mọ̀ ńkọ́, níbo ló ti wá? Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Dublin, ní April 1742, akọrin tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 lọ. Handel kú ní 1759. Nígbà tó di 1784 tí wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní Westminster Abbey, akọrin àti àwọn tó ń lo ohun èlò ti lé ní 500. Ní 1859, ní Crystal Palace, akọrin nìkan ju 2,000 lọ. Àsìkò tí irú ńlá yìí gbòde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn míṣọ́nnárì ń kó ìwé orin bọ̀ nílẹ̀ wa. Ohun tí Bàbá ń pè ní ojúlówó, ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ló ti jáde. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní àṣà àtijọ́.

Mo gba orin náà sórí fóònù tèmi. Lóru, tí iná ti lọ, mo kì í bọ etí. Lọ́jọ́ kìíní, kò wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ kẹta ni mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí. Okùn onífun kì í dún pẹ́ bíi ti irin, nítorí náà àyè wà láàárín ohùn kan àti èkejì, ọ̀rọ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Báàsì ń sọ tiẹ̀, tẹ́nọ̀ ń dá a lóhùn, kò sẹ́ni tó bo ẹnìkejì mọ́lẹ̀.

Ó rán mi létí òkú àgbà kan tí a sin nítòsí Kàbà. Wọn ò pe onílù. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé wá, èyí tó ní bọ́tìnnì ohùn gángan. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó gan-an. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí tẹ́tí sí i, ó ní, "Kí ló ń wí?" N kò rí èsì fún un. Ohùn gángan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wí nǹkan kan. Ìró kan náà ló ń yí po, ì báà ṣe òkú, ì báà ṣe ìgbéyàwó.

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ ohun èlò àtijọ́. Adùn rẹ̀ kò sí nínú ogbó rẹ̀. Bí ogbó bá tó, ìkòkò tó fọ́ lẹ́yìnkùlé ì bá máa dùn mọ́ wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ Handel ló fi sọ̀rọ̀, bí a bá sì pààrọ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gan-an la pààrọ̀.

Mo ní ó lè jẹ́ o. Bach ti lé ní 60 ọdún nígbà tó lọ sí ààfin Ọba Frederick ní Potsdam ní 1747. Ó jókòó sídìí piano tuntun tí Silbermann ṣe, ó sì fi dárà lójú ẹsẹ̀. Àgbà yẹn ò sá fún ohun tuntun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, okùn onífun ṣeé rà, ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ ra etí ará Dublin? Etí tiwa ti gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ó ti gbọ́ láúdísípíkà. Ohun tó gbó fún Handel, tuntun ló jẹ́ fún wa.

Ti àwọn ìyá ẹ̀yìn wá ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ti ń kọrin kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Ká wá ní kí wọ́n lọ jókòó nítorí ẹni tó kú ní 1759? Èmi ò fara mọ́ ọn. Handel fúnra rẹ̀, bó bá ṣe rí akọrin ló ń tún Messiah ṣe. Ó máa ń gba orin lẹ́nu ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ó sì máa ń kọ òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bíi ti Handel, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Mo sọ èyí fún Bàbá. Kò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ ìdánrawò tó tẹ̀lé e, ó ní kí wọ́n pa kíbọ́ọ̀dù, kí gbogbo wa, àwa 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, rọra kọ ọ́ lẹ́nu lásán. Níbi tí báàsì ti wọlé, ìyá kan láti ẹ̀yìn ní, "Há! Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá wo ọmọkùnrin onídùùrù. "Ìwọ, má rẹ́rìn-ín," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní ká tún un kọ.