Ẹ Bi Ẹni Tí A Wò Sàn



Nígbà tí Olúwa wa la ojú afọ́jú nì ní Betsáídà, gẹ́gẹ́ bí Máàkù ti kọ ọ́ ní orí kẹjọ, Ó bi ọkùnrin náà léèrè ohun tí ó rí. Èsì rẹ̀ kò sì tíì pé. Nítorí náà Ó tún gbé ọwọ́ lé e. Ìbéèrè yìí ni a mú wá síwájú yín lóṣù yìí, nítorí àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn kan ń wo iwájú, tí èkejì sì ń wo ẹ̀gbẹ́.

Iṣan mẹ́fà ni ó ń darí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1839, ní ìlú Berlin, Dieffenbach oníṣègùn gé ọ̀kan nínú wọn fún ọmọdékùnrin kan kí ojú rẹ̀ lè tọ́. Lóde òní, wọn a sún iṣan náà sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n gé e kúrú, wọn a sì rán an padà mọ́ ẹyinjú. A ti sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé bí ọmọdé bá ti dàgbà, ó ti bọ́. Èyí kì í ṣe òtítọ́.

Àwa pẹ̀lú ti wí rí pé àfẹ́ ẹwà lásán ni kí àgbàlagbà dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ nítorí ojú tí kò fọ́. A ṣìnà. Ẹni tí ojú rẹ̀ yà nígbà àgbà a máa rí ohun kan ní méjì; àtẹ̀gùn a di ìbẹ̀rù fún un. Ẹni tí tirẹ̀ ti wà láti kékeré lè má rí méjì rárá, ṣùgbọ́n ó ń bá wa sọ̀rọ̀, a ní kò wo ojú wa, a ní ó gbéraga. Mélòó nínú wa ni ó ti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi!

Ní ọdún 2009, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà tẹ ìbéèrè 20 jáde fún irú àwọn àgbà wọ̀nyí. Mẹ́wàá kan iṣẹ́ ojú, bí ìwé kíkà. Mẹ́wàá kan ọkàn: ǹjẹ́ o ń ṣàníyàn nípa ohun tí ènìyàn ń rò sí ojú rẹ? A lè bi wọ́n ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí a sì tún bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ a máa sàn, àní ti àwọn tí kò rí méjì rí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ní láti padà sábẹ́ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ojú tí ó ti ṣe aláìlera láti èwe kì í sábà ríran ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nítorí pé ó tọ́. Ó yẹ kí a sọ èyí fún ènìyàn ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹlòmíràn sì wà tí ìwọ̀n oníṣègùn sọ pé iṣẹ́ ti pé, síbẹ̀ ó ṣì ń gbé ojú sá fún ènìyàn.

Nígbà tí irú arákùnrin tàbí arábìnrin bẹ́ẹ̀ bá padà sáàárín wa, tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè bí ó ti rí fún un. Bí ó bá wí pé kò tíì dára tán, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́. Ọkùnrin Betsáídà nì sọ irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀, a kò sì bá a wí.