Ta Ló Ni Ìwé Bàbá Àgbà?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹni tó ti kú bá kọ àṣírí sínú ìwé, ṣé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè fi ṣe ìtàn àròsọ?

Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nísàlẹ̀ àpótí, mo rí ìwé tí bàbá àgbà mi ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sí. Tamale ní Gánà ni wọ́n ti ṣòwò, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà, kó tó di pé ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Iye aṣọ tí wọ́n tà wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ wà: orúkọ obìnrin kan, àti ti ọmọ tó bí fún wọn, tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà mi ṣì wà láyé.

Ara mi yá gágá láti kọ ọ́. Ó ṣe tán, Wọlé Ṣóyínká ṣí àpótí páànù bàbá rẹ̀, ó fi ohun tó bá níbẹ̀ kọ Ìsarà, tó jáde ní 1989, ó sì fún bàbá rẹ̀ lórúkọ mìíràn nínú ìwé náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà yí orúkọ padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣé lóòótọ́? Ní àdúgbò wa, bí o pe ajá ní òbúkọ, wọ́n á ṣì mọ ilé tó ti ń gbó.

Kí n kúkú dákẹ́ ńkọ́? Ọmọ yẹn, bó bá wà láyé, yóò ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Òkú ò lè jẹ́jọ́ mọ́, àmọ́ alààyè lè máa wo ojú ọ̀nà.

Ibi tí mo bá a dé rèé: ìtàn kọ́ ni mo jogún, gbèsè ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ìwé tí èmi ń tà. Mo gbé e fún bàbá mi. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wọ yàrá tọ ìyá wọn lọ. Ìyá àgbà béèrè ohun kan péré: "Akọ ni ọmọ náà, àbí abo?"

Wọ́n ní mo lè bi yín ní ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ ẹnì kankan. Bàbá mi ti ń wá ẹni tó ń lọ sí Tamale. Ìtàn àròsọ mi? Ó dúró ná. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ò bá ṣe?