Ọ̀rọ̀ Ọkàn àti Ọ̀rọ̀ Òfin

Láti Kétu dé Ìkòsì, wọ́n máa ń wí pé òyìnbó ló kó ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin wá. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ gan-an ni òyìnbó kó wá: òfin 1916 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dẹ tirẹ̀ ní 1967. Nàìjíríà fi kún tirẹ̀ ní 2014.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò lára àrùn ní 1973. Ìwádìí 2019 kò rí jíìnì kan ṣoṣo tó ń fà á. Nínú ìbejì ajọra pàápàá, ọ̀kan lè rí bẹ́ẹ̀ kí èkejì má rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ta ló rántí ọjọ́ tó yan ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí? Òfin 1916, bó ti le tó, ìṣe ló ń dá lẹ́jọ́. Ọmọ tí kò tíì ṣe nǹkan kan ni ahọ́n àdúgbò ń dá lẹ́bi.