Gbèsè Tí A Jẹ Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, nígbà tí Míísà kejì parí, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa, mo sì pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì ni ó ti wá fi orúkọ sílẹ̀ láti bá ẹgbẹ́ òṣèré páríìṣì wa ṣe eré Ìjìyà Olúwa. Ṣùgbọ́n kí ó tó di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, a kò rí i mọ́. Mo bi í bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá, kò sí ẹni tí ó ṣẹ òun. Mo tún bi í pé kí ni ó wá lé e lọ. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé ohun kan fún mi tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ó ní òun àti àwọn ẹlòmíràn tí òun kò fi ojú kàn rí jọ máa ń ṣe eré kan lórí fóònù ní alẹ́. Nínú eré náà, olúkúlùkù a mú orúkọ kan àti iṣẹ́ kan fún ara rẹ̀ ní ìlú àròsọ kan, ìlú tí ó ní ọba, ọdẹ, iwin àti ẹranko abàmì, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń pa àlọ́. Ohun tí ẹnì kan bá sọ pé òun ṣe ni ẹlòmíràn yóò gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé, ìtàn náà yóò sì máa lọ. Ó ní, "Fádà, ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ bi mí ní orúkọ tí mo mú. Ó mú mi lọ sí ẹnu bodè ìlú náà, ó ní olè ń bọ̀, kí ni n ó ṣe? Nínú ẹgbẹ́ tiwa níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi to àga. Kò sí ẹni tí ó bú mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó nílò mi."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé ọwọ́ èmi gan-an ni ẹ̀bi náà ti wá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkùnrin kan náà ti ń ṣe Pétérù nínú eré wa, tí obìnrin kan náà ń ṣe Ìyá wa Màríà, tí ẹnì kan náà ń ṣe Pílátù. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú ìwé orúkọ wá fún mi, ọdọọdún ni mo sì ń fi ọwọ́ sí i láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó rọrùn, eré náà sì ń dùn.

Nítorí náà mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀ràn kan wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ni gbèsè tí ẹni tí ó ti wà nínú ilé jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Bí a bá ti kí i káàbọ̀, tí a fún un ní omi mu, tí a kò sì bú u, ǹjẹ́ gbèsè náà ti tán? Bí ẹnì kan bá wá jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ mi pé òun jẹ́ kí àlejò to àga fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi pàápàá kì bá mọ òfin tí ó rú. Kò jalè, kò purọ́, kò lu ènìyàn. Síbẹ̀ ènìyàn kan ti jáde kúrò láàrin wa, a kò sì mọ̀ títí ó fi lọ tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn àgbà ẹgbẹ́, nítorí pé ẹjọ́ tiwọn kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n lè wí pé: "Fádà, ọ̀ràn Ọlọ́run ni eré yìí. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn tí ó ń wò wá a máa sunkún. Bí a bá fi ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe Pétérù, tí àkùkọ kọ tí ọ̀rọ̀ sì há a lẹ́nu, ẹ̀rín ni wọn yóò rín. Àwa ni a ti ń wá sí ìdánrawò nínú òjò àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Mushin àti Ojúẹlẹ́gba. Ṣé ẹni tí ó dé lánàá ni yóò wá gba ipò wa?" Òtítọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run dáadáa, a kò sì gbọdọ̀ fi làálàá ọdún mẹ́sàn-án ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Bẹ́nẹ́díìtì Mímọ́, ẹni tí ó kọ Òfin ní ọ̀rúndún kẹfà ní ilẹ̀ Ítálì fún àwọn ará tí ó fi ayé sílẹ̀ láti máa gbàdúrà pọ̀, mọ ọ̀ràn yìí dájúdájú. Ní orí 53 ìwé rẹ̀, ó pàṣẹ pé kí a gba àlejò gbogbo bí ẹni pé Kristi tìkára rẹ̀ ni ó dé. Ṣùgbọ́n ní orí 58, ó ní kí a má ṣe tètè gba ẹni tí ó bá fẹ́ wá di ará ilé. Kí a jẹ́ kí ó kan ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ná. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ méjì náà tako ara wọn? Rárá. Àlejò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ dúró. Ẹ sì wo ohun tí ó fi kún un. Ó ní kí a yan àgbà kan tí ó mọ bí a ti ń fa ọkàn ènìyàn mọ́ra, kí ó máa bójú tó ẹni tuntun náà. Ó ní kí a ka gbogbo Òfin fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin ọdún kan, kí ó lè mọ ohun tí ó ń wọ̀. Ṣáájú èyí, ní orí 3, ó ti ní kí a máa pe ọmọdé àti àgbà sí ìgbìmọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni Ọlọ́run ń fi ohun tí ó dára jù han àwọn tí ó kéré. Ilẹ̀kùn rẹ̀ le láti ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọlé yóò bá ènìyàn nínú ilé. Tiwa ni ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí kò sì sí ẹni tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ lórí àlejò.

Àwọn baba wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹnì kan yóò ṣe ìgbéyàwó, ẹnì kan yóò ṣàìsàn, ẹnì kan yóò kú. Ẹni tí ó sì ń lu ìlù fún wa ní èṣí ti wà ní Kánádà lónìí. Ẹgbẹ́ tí kò bá ń mú ẹni tuntun dàgbà, ó ń ka ọjọ́ tí ó kù fún ara rẹ̀ ni.

Ìtàn eré orí ìtàgé ní ilẹ̀ wa fi èyí hàn. Inú ilé ìjọsìn ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti hù jáde. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúńdé nígbà tí ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ní 1944. Ní 1945 ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin òṣèré rẹ̀ níyàwó, ẹgbẹ́ náà sì di agbo ilé. Ọ̀nà yìí kì í ṣe èyí tí Ìjọ Mímọ́ lè fọwọ́ sí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín dán an wò! Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ẹni tí a bá fẹ́ kí ó dúró, kò lè máa jẹ́ àlejò títí.

Ẹ wo Dúró Ládiípọ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó kọ orin Ọdún Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan bínú, wọ́n ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Ó gbé orin rẹ̀ jáde lọ. Ní 1962 ó bẹ̀rẹ̀ Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo, ní 1964 eré rẹ̀ Ọba Kò So sì dé ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. N kò sọ èyí láti dá ìjọ náà lẹ́bi, nítorí pé àwa náà wà níbi tí wọ́n wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n lónìí, ìlù wa ni a fi ń jó lọ síwájú pẹpẹ nígbà ìfirúbọ. Ohun tí ẹni tuntun mú wá, tí ó dà bí àṣìṣe lójú àwọn àgbà, ẹ̀bùn ni.

Nínú Ìjọ tiwa, Fádà Kevin Carroll ti ẹgbẹ́ S.M.A. wà lára àwọn tí ó bójú tó ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 títí di 1954. Kò dúró di ìgbà tí agbẹ́gilére bá di ọmọ Ìjọ kí ó tó fún un ní iṣẹ́. Mùsùlùmí ni Làmídì Fákẹ́yẹ nígbà tí ó dé ibẹ̀. Wọ́n fún un ní igi, wọ́n fún un ní ọ̀gá, èyí ni George Bándélé, ó sì kọ́ṣẹ́ títí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun.

Àwa ará Sùúrùlérè pàápàá kò gbọdọ̀ gbàgbé. Láti 1955 ni àjọ LEDB ti ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó ń kó àwọn ènìyàn wá sí ilé tuntun níhìn-ín, jìnnà sí ẹbí àti ọjà wọn. Àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tuntun ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ó bí ilẹ̀ yìí láàrin wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ ṣí Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 9. Sọ́ọ̀lù dé Jerúsálẹ́mù, gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń bẹ̀rù rẹ̀. Bánábà ni ó mú un lọ́wọ́ tọ àwọn Àpọ́sítélì lọ. Ní orí 11, Bánábà kan náà ni ó rin ìrìn àjò lọ sí Tásù láti wá a kàn, tí ó sì mú un wá sí Áńtíókù kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí bí ìwé náà ti ń pe orúkọ wọn: ní àkọ́kọ́, Bánábà ni ó ń ṣáájú, kí orí 13 tó parí, Pọ́ọ̀lù ti ń ṣáájú. A kò rí i kà pé Bánábà ráhùn nítorí èyí. Nígbà tí Máàkù sì já wọn kulẹ̀ lójú ọ̀nà, Bánábà ni ó ní kí a fún un ní àyè lẹ́ẹ̀kejì. Pọ́ọ̀lù kọ̀ nígbà náà. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pe Máàkù.

Ibí yìí ni ó ti nira, ẹ̀yin ará. Kíkí àlejò káàbọ̀ kò ná wa ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ó dúró, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa kí ó lè bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Gbèsè náà nìyẹn: ẹ̀rín músẹ́ nìkan kò lè san án, àyè ni a fi ń san án.

Mo lọ bá arákùnrin wa tí ó ń ṣe Pétérù, mo sọ ohun tí ó wà ní ọkàn mi fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fádà, kí ni èmi yóò wá máa ṣe?" Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lójú kan náà. Ẹ̀rù kan náà ni ó ń ba àwọn méjèèjì: ẹ̀rù pé kò sí ẹni tí ó nílò wọn. A kò gbọdọ̀ wo ọgbẹ́ ẹnì kan sàn kí a fi dá ọgbẹ́ sí ẹlòmíràn lára. Mo dá a lóhùn pé ẹni tí ó ti ṣe Pétérù fún ọdún mẹ́sàn-án nìkan ni ó lè kọ́ ẹlòmíràn bí a ti ń sunkún nígbà tí àkùkọ bá kọ.

Nítorí náà, láti orí eré Ìbí Olúwa tí a ó ṣe ní Kérésìmesì, ènìyàn méjì ni yóò máa wà fún ipa kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ti pẹ́ àti ẹni tuntun, wọn yóò sì pín alẹ́ eré láàrin ara wọn. Ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan yóò mọ orúkọ àgbà tí ó ń bójú tó o. A ó ka ìlànà ẹgbẹ́ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pa ìdánrawò jẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí a lọ sí ilé rẹ̀. Kí a má ṣe dúró di Ọdún Àjíǹde kí a tó béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà, ẹ ní sùúrù. Títo àga kì í ṣe ìtìjú, bí a bá jọ ń tò ó. Ipa tí a bá sì fún yín kì í ṣe ohun ìní yín. Ẹ ó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan.

Ohun tí mo sọ nípa eré, ẹ mú un lọ sí inú ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ìyá Ìjọ, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, àti orí ìjókòó tí ẹ ń jókòó lé ní Míísà pàápàá.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, mo lọ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ilé wọn. Kò ṣe ìlérí kankan fún mi. Ó ní òun yóò wá wò ó ná. Ìdánrawò wa jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá wọlé, kí ẹnì kan bi í ní orúkọ rẹ̀, kí ó sì fún un ní ohun tí yóò ṣe.

Kí Olúwa, ẹni tí a kò rí àyè fún ní ilé èrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, kọ́ wa bí a ti ń sún fún ara wa. Àmín.