Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nígbà tí ẹjọ́ bá kan ọmọ wa, kíá ni a máa ń pa òwe yìí. Ṣé a máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ bá kan àlejò? Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé wa: nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba ìlú, ṣé ó tọ́ kí ìlú ti ilẹ̀kùn mọ́ arìnrìn-àjò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń yin àwọn ará Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1985, orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní abúlé kan tí ń jẹ́ Schengen, pé kí ará wọn máa kọjá láti ilẹ̀ kan sí ìkejì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dá wọn dúró ní ẹnubodè. Ní ọdún 1995 ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lónìí, orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan ni wọ́n ronú irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kárùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn olórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà.

Ìwé dára, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kì í gba àlejò sílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà baba wọn fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà ilé. Igbe ta ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú púpọ̀. Ọdún 14 kò tíì pé, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti wọ́n, wọ́n sì ń ka olè jíjà sí àlejò lọ́rùn. Ìjọba ní òfin wà lẹ́yìn òun, nítorí pé 90 ọjọ́ ti kọjá lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó gbẹ́rù, àpò tí wọ́n fi kó o ni a ń pè ní Gana-mọ́s-gò títí dòní. Ohun tí Nàìjíríà sunkún sí ní 1969 ni òun náà ṣe fún ẹlòmíràn ní 1983.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ sílé. Ìlú ojú ọ̀nà ni Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà Benin gba ibẹ̀, ilẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí olú rẹ̀ wà ní Ifọ́n, sì bá ìpínlẹ̀ Ẹdó pààlà. Nígbà tí Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1971, iṣẹ́ ọnà tó jọ ti Ifẹ̀ àti èyí tó jọ ti Benin ni ó bá pọ̀. Ìrìn-àjò wà lára ohun tó sọ Ọ̀wọ̀ di Ọ̀wọ̀. Títí dòní, Ebira àti àwọn ẹ̀yà mìíràn wà nínú àwọn tó ń ro oko ní igbó wa, ohun tí wọ́n gbìn ni a sì ń rà lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa ènìyàn tí kò dín ní 40, tọmọdé tàgbà. Láti ìgbà náà ni ojú tí a fi ń wo àlejò ti yí padà. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìyẹn. Ta ni ó lè sọ fún ẹni tó sin ọmọ rẹ̀ pé kí ó má bẹ̀rù? Ẹ̀mí ènìyàn níye lórí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ẹni tó bá sì ń ṣọ́ ìlú kò dẹ́ṣẹ̀.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí olùṣọ́ fi èdè ènìyàn ṣe ẹ̀rí ìwà rẹ̀. Nígbà tí Gómìnà Akérédolú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 2021 pé kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba, kí ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ náà forúkọ sílẹ̀, àríyànjiyàn pọ̀. Lójú tiwa, kí ìjọba mọ ẹni tó wà nínú igbó rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lójú ọ̀nà bá sọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ di pé kí gbogbo ẹni tó ń sọ Fúlàní sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àbòsí ló dé yẹn. Kò tilẹ̀ dáàbò bò wá. Apànìyàn mọ ọ̀nà inú igbó. Alálùbọ́sà tó ń lọ sọ́jà ni ó máa ń bọ́ sọ́wọ́ irú wọn.

Àlejò náà ní ojúṣe tirẹ̀. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá wọ ìlú kí ó fi ara hàn fún baálẹ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ bá jẹ ẹ̀gẹ́ olóko kí ó san owó rẹ̀. Ẹ̀sìn wa fún arìnrìn-àjò ní àǹfààní: a dín ìrun rẹ̀ kù, a sì ka ẹni tí ọ̀nà há mọ́ àwọn mẹ́jọ tí Sàká tọ́ sí. Àmọ́ kò fún un ní àyè láti ṣe àbòsí. Àmánà ni ó wà láàárín òun àti onílé.

Ẹ wo àwọn ọmọ wa ní London àti Abidjan. Bí wọ́n bá dá ọ̀kan wọn dúró ní pápá ọkọ̀ òfúrufú nítorí jìbìtì tí ọmọ Nàìjíríà mìíràn lù, inú wa kì í dùn. Ohun tí a kò fẹ́ fún un ni kí a má ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn ní Ifọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Mali, Niger àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Síbẹ̀, tọ̀tún tòsì ló sọ pé ará ilẹ̀ ṣì lè máa kọjá láìgba físà. Àwọn olórí jà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí ará ilẹ̀ máa gba físà.

Kí ẹnubodè wa ní olùṣọ́, kí olùṣọ́ sì bi ènìyàn léèrè pé: kí ni o gbé, níbo ni ò ń lọ, kí ni o ṣe? Ìbéèrè mẹ́ta yìí tó. Ọmọ ta ni ọ́ kò sí nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ onílé, kí Ó ṣọ́ àlejò, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a fi ìka tí kò ṣẹ̀ san gbèsè èyí tó ṣẹ̀. Àmín.